Ẹ Wo Ọwọ́ Òsì Rẹ̀

Màámi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ilé wà? Ṣé èso ápíríkọ́ọ̀tì tí ẹ sá sórí òrùlé ti gbẹ? Ìlú Lahore níbí dára, mo sì ń jẹun dáadáa.

Ẹnì kan tí n kò mọ̀ jí àwòrán mi kó nínú fóònù mi. Ó lẹ ojú mi mọ́ àwòrán ìhòòhò obìnrin mìíràn, ó ní òun máa fi ránṣẹ́ sílé. Mo lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ ń po tíì rẹ̀ lọ, kò wojú mi.

"Ọmọ mi, ta ni kí n lọ mú, afẹ́fẹ́? Lọ pe bàbá rẹ wá, kí wọ́n wá fọwọ́ sí ẹjọ́ yìí."

Mo dúpẹ́, mo jáde. Bí Bàbá bá gbọ́, wọ́n á ní kí n máa bọ̀ nílé, ẹ̀kọ́ mi parí nìyẹn.

Màámi, bí àwòrán kan bá dé sórí fóònù Ẹ̀gbọ́n Amanullah, ẹ ní kó wo ọwọ́ òsì obìnrin inú rẹ̀ kó tó pariwo. Kò ní àpá ibi tí ààrò búrẹ́dì ti jó mi, tí ẹ ń fi òróró pa fún mi. Ẹ̀yin lẹ mọ ọwọ́ mi.

Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà. Ooru ibí ò ṣe mí ní nǹkan kan.

Nilofar yín