Kábúrẹ́tọ̀ Inú Bàtà

Ọjọ́ Ajé, 4/11/2024
Wòlíì Olúsànyà ríran. Igi furúùtù inú ọgbà wa ní Ìkòtún ló ń mu ẹ̀jẹ̀ Fẹ́kọ́mi, àbúrò mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, SS ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Igi náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo ṣe ìṣirò yìí fún Màmá. Ó ní ìṣirò kì í wo àìsàn.

Ẹ́ńjìnnì ìgégi Bàbá ló gbọ́dọ̀ gé e, ìran ló sọ bẹ́ẹ̀. Tòkunbọ̀ ni. Bàbá fi gé gẹdú l'Óǹdó títí ó fi kú. Alàgbà ni mo ń pe ẹ́ńjìnnì náà: ó jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn, kì í ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè lé e jáde.

Ọjọ́rú, 6/11
Mo tú Alàgbà. Pọ́ọ̀gì ti kú. Okùn ìfà ti já. Ẹ̀wọ̀n tó fi ń gégi ti dípẹtà. Kábúrẹ́tọ̀ tó ń fún un ní epo — kò sí rárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9/11
Mo ra pọ́ọ̀gì àti okùn, Ìkòtún. Ẹ̀wọ̀n, Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ọkùnrin kan fẹ́ ta kábúrẹ́tọ̀ jẹnẹrétọ̀ fún mi. Ó ní ẹbí kan náà ni wọ́n, jàre.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12/11
Mo rí i! Dòpemu, ṣọ́ọ̀bù Alhaji Yahya tó ń ta èèlò ẹ́ńjìnnì àlòkù. Ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó ní yóò jí òkú ẹ́ńjìnnì dìde.

Mo délé. Fẹ́kọ́mi wà lórí àpótí rẹ̀ lábẹ́ igi, ó fi ìborùn bo ẹsẹ̀. Ewé ti ń pọ́n.
"Brọ̀dá, ṣé ẹ ti rí i?"
Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e. Nínú ilé, aláìsàn ni mí. Níbí, mo kàn jókòó ni."

Nígbà tí Màmá béèrè, mo ní mi ò rí i. Kábúrẹ́tọ̀ wà nínú bàtà dúdú tí mo fi gbàwé ẹ̀rí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́bọ̀, 14/11
Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní póli, irọ́ kò ṣòro. Fẹ́kọ́mi ni olóòtú mi, òun ló ń tún irọ́ náà ṣe. Láàárọ̀ mo máa ń jáde lọ "wá a", mo ń rìn kiri títí dé Ìjẹ̀gùn. Nírọ̀lẹ́, mo ń jábọ̀ fún Màmá. Ti òní: àgbò Yahya ló jẹ kábúrẹ́tọ̀.
"Àgbò? Irin?"
"Àgbò Dòpemu ni, Màmá."
Fẹ́kọ́mi fi ìborùn bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọjọ́ Àìkú, 17/11
Màmá ń gbààwẹ̀ kí n lè rí i. Ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní ká sọ òótọ́. Fẹ́kọ́mi ní kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan sí i.

Ọjọ́rú, 20/11
Irọ́ kẹsàn-án: Yahya gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ sí Mẹ́kà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26/11
Ọyẹ́ dé. Egungun Fẹ́kọ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó láàárọ̀. Ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀. Ọ́síjìn. Màmá di ọwọ́ mi mú: "Sáré lọ Dòpemu. Bóyá Alhaji ti ti Mẹ́kà dé."

Mo sáré lọ. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Yahya. Ó ní, "Ṣé ó jí, ẹ́ńjìnnì yẹn?" Mo yí padà, mo sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọjọ́bọ̀, 28/11
Fẹ́kọ́mi kú láago mẹ́wàá àárọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 29/11
A sin ín. Màmá ní, "Má dá ara rẹ lẹ́bi. Mo rí ìsàlẹ̀ sálúbàtà rẹ, ó ti jẹ tán. O wá a, ọmọ mi."
Dókítà ní igi kọ́. Mo mọ̀ pé igi kọ́. Ìmọ̀ náà kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 4/12
Àdúrà ọjọ́ kẹjọ, lọ́la. Sálúbàtà mi já. Màmá ní òun á kun bàtà dúdú fún mi. Ó ti wọ yàrá kí n tó rántí.

Ìyàwó onígẹdú ni, kò béèrè ohun tó jẹ́. Ó gbé kábúrẹ́tọ̀ jáde, ó lọ jókòó sórí àpótí Fẹ́kọ́mi. Ewé ń já lé e lórí. Mo kúnlẹ̀. Mo ní Fẹ́kọ́mi ló bẹ̀ mí kí n má gé igi náà. Ó bi mí:
"Ohun tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín nírọ̀lẹ́ nìyẹn?"
"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."
"Sọ ọ́ fún mi."
Mo sọ ọ́. Àgbò. Mẹ́kà. Irọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Kò rẹ́rìn-ín. Kò bú mi. Nígbà tí mo parí, ó gbé kábúrẹ́tọ̀ lé itan, ó ní kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.