Ilé Onítáyà Tí Dísù Rà

Abúlé Ìdí-Òro,
Ọ̀nà Ìwó.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2006.

Dísù ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé, ìwọ àti Karimot ìyàwó wa, àti Mubarakah àti Ihsan, àwọn ọmọ ọmọ mi tí mi ò tíì fojú rí. Ìyá rẹ Tọ̀yìbátù ní kí n kọ́kọ́ sọ pé òun ń kí yín kí n tó sọ ohunkóhun, nítorí mo gbàgbé nínú lẹ́tà tó kọjá, ó sì fi ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran san án fún mi fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Ara wa le, orókùn mi nìkan ló ń ṣe bí ẹni pé òun ni àgbà ilé, àmọ́ a dúpẹ́. Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí, àgbàdo ti tán lóko, ààwẹ̀ ló kù tí à ń retí. Níbi tí ẹ wà yẹn, ògiri yín ò ní lanu, òrùlé yín ò ní jò. Àmín.

Ọlájídé tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Dublin ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ó jẹun, ó mu omi, ó sì kó lẹ́tà rẹ àti fọ́tò mẹ́jọ lé mi lọ́wọ́. Mo ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà á gbọ́. O ní o ra ilé kan tó ní táyà mẹ́rin, tó ní ibi ìdáná, tó ní ibùsùn, tó ní ilé ìgbẹ́, tí ẹ lè jí nínú rẹ̀ ní ìlú kan láàárọ̀ kí ẹ sì sùn nínú rẹ̀ ní ìlú mìíràn lálẹ́. Ọdún méjìlélógójì ni mo fi ṣe bíríkìlà. Mo mọlé fún olówó, mo mọlé fún tálákà, èmi ni mo mọ mọ́ṣáláṣí tí a ń kírun nínú rẹ̀ títí dòní, kò sì sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tó tẹ̀ lé olówó rẹ̀ kúrò lójú kan. Tìrẹ ló ń tẹ̀ lé ọ káàkiri. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ bíríkìlà ti kọjá bàbá rẹ̀.

O ṣàlàyé pé owó ilé ní Dublin ti ga kọjá ibi tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ lè tó, pé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ́lé, tí ẹ̀rọ gíga tí wọ́n fi ń gbé búlọ́ọ̀kù kún ojú ọ̀run, síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ náà ló ń wọ́n sí i. Ìyẹn ò yé mi, nítorí níbí, ohun tó bá pọ̀ ló máa ń dọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí o dá wù mí. O wà ní yàrá tí ẹ háyà ní àdúgbò Phibsborough, o wá lọ ra ilé onítáyà lọ́wọ́ Michael, bàbá arúgbó tí orókùn ò jẹ́ kó lè wà á mọ́. Bá mi kí Michael dáadáa, sọ fún un pé orókùn mi ń kí orókùn rẹ̀. Ọlájídé ní ohunkóhun tí o bá bi í nípa ilé náà, grand ló fi ń dá ọ lóhùn, ìyẹn ni pé kò séwu, kódà ọjọ́ tí o rí i pé òrùlé ń jò, ó ní ìyẹn náà grand. Èmi náà ti bá irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ rí.

Fọ́tò inú ilé ni mo fẹ́ràn jù. O ní o ká kápẹ́ẹ̀tì tó ń rùn kúrò, o tẹ́ rọ́bà tuntun sílẹ̀, o kan kọ́bọ́ọ̀dù kékeré tí ẹ ń kó abọ́ sí, o sì fi ìkọ́ há ẹní ìkírun mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Karimot sì fi àdìrẹ tí ìyá rẹ fi ránṣẹ́ nígbà ìkómọ Ihsan rán kọ́tìnì sí gbogbo fèrèsé. Ìyá rẹ gba fọ́tò yẹn lọ́wọ́ mi, kò dá a padà títí di ọjọ́ kejì. Ó ní òun ti rò pé wọ́n ti fi aṣọ náà nulẹ̀. Ti tábìlì tí ẹ ń jẹun lórí rẹ̀ lọ́sàn-án, tó ń di bẹ́ẹ̀dì lálẹ́, mo ti dán an wò pẹ̀lú tábìlì wa. Ẹsẹ̀ kan ti yẹ̀ lára rẹ̀, inú ìyá rẹ ò sì dùn.

Ilé ìgbẹ́ náà yà mí lẹ́nu. O ní àpótí kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ní táyà tirẹ̀ àti ibi tí a ń dì mú, tí o máa ń fà yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé láàárọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ń dà á sí. Mo fojú inú wò ọ́ bí o ṣe ń fa àpótí rẹ lọ, tí àwọn èèyàn ń kí ọ pé ó dàbọ̀, tí wọ́n rò pé Mẹ́kà lò ń lọ. O ní tí ẹ bá dé àwọn ibi ìdúró yẹn, ẹ ó sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ sùn nínú ilé ara yín, wọ́n á wá na wáyà láti ara òpó sí ẹ̀gbẹ́ ilé kó lè máa mu iná, iná yẹn ò sì ní lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Owó yẹn ò dùn mí. Ẹni tó bá ní iná tí kì í lọ, kó gbowó ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ìṣúráǹsì tí wọ́n ti bi ọ́ bóyá ilé náà ti kọlu nǹkan rí, mo rò ó títí. Gbogbo ilé tí mo mọ láyé mi, nǹkan ló ń kọlù wọ́n. Mo sì rí i pé ìjọba fi nọ́ńbà ilé síwájú, wọ́n tún fi sẹ́yìn, kí alálẹ́tà má baà ṣìnà. 97-D ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọlájídé ní D yẹn dúró fún Dublin, ṣùgbọ́n Ọlájídé kì í fẹ́ kí èèyàn fi ọmọ rẹ̀ yangàn. Dísù ni wọ́n kọ síbẹ̀, 97 sì ni ọdún tí o kúrò nílé. Nọ́ńbà yẹn ni mo kọ sẹ́yìn lẹ́tà yìí, mo wá kọ Phibsborough sábẹ́ rẹ̀, tó bá jẹ́ pé ilé ti jáde, kí alálẹ́tà lè dúró dè é níbẹ̀.

O ní nígbà tí ẹ gbé ilé lọ sí Kerry, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ẹ jókòó sínú ilé, ẹ ń wo òkun lójú fèrèsé, Karimot ń dín dòdò, àwọn ọmọ ń ṣeré lórí ibùsùn. Nígbà tí ẹ fẹ́ máa bọ̀, táyà ti rì sínú pápá, àgbẹ̀ kan ló fi katakata fà yín jáde. Ìyẹn ò jẹ́ kí n fojú ba oorun. Bí ilé bá rì, ilẹ̀ ló ṣẹ̀, ilé ò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n o tún kọ ọ́ pé níbikíbi tí ẹ bá dúró sí, kí ẹ tó sùn, o máa ń gbé lẹ́fẹ̀lì mi sílẹ̀ ilé, igi gbọọrọ olómi tí mo fi ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ tẹ́jú, èyí tí mo fún ọ lọ́jọ́ tí ò ń lọ, o sì máa ń ki pákó sábẹ́ táyà títí omi inú rẹ̀ á fi dúró sáàárín. Mo débẹ̀, mo bọ́ dígí ojú mi, mo ní kí ìyá rẹ bù mí lómi. Ọjọ́ tí mo fún ọ, o bi mí pé kí lo fẹ́ fi ṣe lókè òkun. Mo ti rò pé o ti sọ ọ́ nù.

Ohun kan wà tó kọ́kọ́ dà mí láàmú. O ní tí ẹ bá wà lẹ́nu ìrìnàjò, ráká ìrun méjì ni ẹ ń kí dípò mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí a ṣe yọ̀ǹda fún arìnrìnàjò. Mo wá ń rò ó pé ẹni tó wà nínú ilé ara rẹ̀, ṣé arìnrìnàjò ni? Mo gbé e tọ Lèmọ́mù lọ. Ó ní kí n padà wá. Mo padà, ó ní kí n tún padà wá. Ní Jímọ̀ kejì ló pè mí, ó ní òun ti wo gbogbo ìwé òun, kò sí ilé onítáyà nínú wọn, àmọ́ lójú tòun, ẹni tó bá ti máa tún gbéra tílẹ̀ bá mọ́, arìnrìnàjò ni, ì báà sùn nínú ilé wúrà. Ó ní ibi tí wọ́n bá ti ń retí èèyàn ni ilé rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń kírun pé. Nítorí náà ìrun yín dára, ẹ máa dín in kù bí ẹ ṣe ń dín in kù.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó kọ̀wé gan-an rèé. O rántí ilẹ̀ tí ẹbí fún ọ lọ́nà odò, ọdún kan kí o tó lọ. O sì mọ òfin ẹbí wa, pé ẹni tí a bá fún nílẹ̀, tí ọdún mẹ́wàá bá pé tí kò kọ́ nǹkan sí i, ẹbí á gbà á fún ẹni tó múra tán. Iléyá tó ń bọ̀ yìí ló pé ọdún mẹ́wàá. Sofiyullah ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá, ó kó ìwé rẹ̀ wá sí ìpàdé ẹbí lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Èmi kó fọ́tò lọ. Mo sọ fún wọn pé Dísù ti kọ́lé, ilé náà ni kò tíì dé. Fọ́tò ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Sofiyullah ní ọkọ̀ ni. Mo bi í pé ọkọ̀ tirẹ̀ dà tó ní kọ́tìnì àti ibi ìdáná. Bàbá Adélékan, olórí ẹbí, di fọ́tò mú, ó wò ó pẹ́, ó ní ilé ni lóòótọ́, ó tiẹ̀ dára ju ilé òun lọ, ṣùgbọ́n òun fẹ́ rí ohun tí yóò jókòó lé lórí ilẹ̀ wa. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo délé, mo gba okùn tí ìyá rẹ fi ń mọ gígùn aṣọ Mubarakah, èyí tí Karimot fi ránṣẹ́ ní Iléyá tó kọjá, láti èjìká dé kókósẹ̀. Mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wọn Mubarakah nínú fọ́tò tó ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ náà wọn ilé. Ilé rẹ jẹ́ Mubarakah mẹ́fà ní gígùn, ó jẹ́ Mubarakah méjì àti díẹ̀ ní ìbú. Mo wá fi ààbọ̀ Mubarakah kún un, nítorí ọmọ á ti ga sí i lẹ́yìn okùn yẹn. Mo fi okùn wọ̀n ọ́n sílẹ̀ lọ́nà odò, mo wa ilẹ̀, mo da òkúta sí i, mo po sìmẹ́ńtì, mo tẹ́ ẹ, kó má baà rì bó ṣe rì ní Kerry. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí. Ìyá rẹ dúró tì mí, ó ń bú mi, ó sì ń pọnmi fún mi bó ṣe ń bú mi. Lẹ́fẹ̀lì ò sí lọ́wọ́ mi, omi inú àwo funfun ni mo fi mọ̀ pé ó tẹ́jú. Òjò ti rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹta, omi ò dúró síbì kankan. Mi ò rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ tó dára jù ú lọ láyé mi.

Bàbá Adélékan wá wò ó ní Alámísì. Ó bọ́ bàtà, ó fẹsẹ̀ lásán rìn ín yíká, ó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti rí ìpìlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní fọwọ́ kàn án títí di Iléyá. Ó ní àmọ́ òun ò tíì rí onílé. Lọ́jọ́ Iléyá, òun fẹ́ rí onílé tó dúró lórí rẹ̀, bí kò bá rí i, kí Sofiyullah máa kó ẹ̀rọ rẹ̀ bọ̀ lórí sìmẹ́ńtì mi.

Mo ti wádìí ọ̀nà fún ọ. Ọlájídé ní ọkọ̀ ojú omi máa ń gbé ilé onítáyà láti èbúté Dublin lọ sí Holyhead, èbúté tó wà ní òdìkejì omi, pé àwọn èèyàn ń ṣe é lójoojúmọ́. Mo lọ bá awakọ̀ tírélà kan ní Ìwó tó ń gbé àlùbọ́sà, ó ní láti Kánò dé Ìwó, ọjọ́ méjì ni, bí ọlọ́pàá bá gbà. Nítorí náà Holyhead sí Kánò nìkan ló kù. Ọlájídé ní aṣálẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ní ṣebí inú ilé lo wà, tó bá rẹ̀ ọ́ kí o sùn. Ìgbà tó fẹ́ máa lọ ló pè mí sẹ́yìn ilé, ó rọra sọ fún mi pé ọ̀nà yẹn jìn ju bí mo ṣe rò ó lọ, pé ilé náà ò lè wá.

Mo ti gbọ́. Bí ilé bá kọ̀, má bá a jà. Gbé e sọ́dọ̀ Michael, kí ẹ lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú, kí ẹ máa bọ̀. Ìwé ìgbélùú rẹ ti jáde láti èṣí, ìwọ lo sọ ọ́ fún mi. Ilé ni mo fi wọn ilẹ̀ náà, àmọ́ ìwọ ni mo tẹ́ ẹ dè.

Fi owó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta ránṣẹ́, nítorí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ni mi ò tíì rẹ́, mo fi í sílẹ̀ fún ọwọ́ rẹ. Fi owó tí a ó fi tún tábìlì ìyá rẹ ṣe kún un, kó lè yéé fojú burúkú wò mí, àti nǹkan tí a ó fi ṣínu láàárín ààwẹ̀. Lẹ́fẹ̀lì mi, má fi rán ẹnikẹ́ni. Gbé e lọ́wọ́ bọ̀ fúnra rẹ.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí táyà yín jò níbi tí kò sẹ́ni. Ibi tí ẹ bá rì sí, ẹni tí yóò fà yín jáde ò ní jìnnà. Ọ̀nà tó gbé ọ lọ á gbé ọ padà tìyàwó tọmọ, ojú mi àti ti ìyá rẹ á sì rí i. Lọ́jọ́ tí o bá dé, tí Lèmọ́mù bá ní kí a dìde fún ìrun Àìlà, má wo bí ibi tí o ti wá ṣe jìn tó. Ráká mẹ́rin ni kí o kí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bíríkìlà Ìdí-Òro.