Ooru Ìléru Tó Ń Sọnù Gba Ara Ògiri

Ìsàlẹ̀ Èkó,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Júláì, 1956.

Jíbrílù ọmọ mi,

Láti ọjọ́ Àlàmísì ni Bàbá Jimoh, olórí agbo ilé wa, ti fi àgádágodo ti àgọ́ tí mo ti ń yọ́ idẹ pa, inú àpò dàńṣíkí rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní ṣé otútù Lọ́ńdọ̀nù kò tíì wọ inú egungun rẹ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìwé pọ̀ ju orí rẹ lọ.

Lẹ́tà rẹ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. O ní o ń kọ́ ìléru kan tí kò ní bíríkì, tí kò ní èédú, inú ìwé ló wà, ẹ̀rọ ìṣirò tó tóbi tó yàrá kan sì ń bá ọ wo bí iná rẹ̀ ṣe ń jó. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí. O tún ní o ti fi ìwọ̀n ìléru tèmi sí i, o sì rí i pé ìdajì ooru rẹ̀ ló ń sọnù gba ara ògiri ẹ̀yìn. Nígbà tí mo ka “sọnù” yẹn, mo jókòó. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fẹ́ ẹwìrì, n kò mọ̀ pé nǹkan mi ń sọnù.

Ta ló wà lẹ́yìn ògiri? Àlímọ̀t alágbàfọ̀ ni. Mo yọjú sí i, mo bá ṣòkòtò àwọn akọ̀wé Marina tí ó sá mọ́ ara ògiri, wọ́n ń gbẹ nínú òjò yìí, nígbà tí aṣọ àwọn alágbàfọ̀ yòókù ń rùn. Mo ní ó parí, mo ti bá ẹrù mi lọ́wọ́ ẹni tó gbé e, kó máa dá ìdajì èédú mi padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní tí òun bá ti san ti ooru tán, kí n bá òun kí ẹni tó ni oòrùn, kó má gbàgbé láti wá gba tirẹ̀.

Mo gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Jimoh. Ibẹ̀ ni Àlímọ̀t ti fa ṣòkòtò funfun kan yọ, ìdí rẹ̀ ti pọ́n bí àkàrà. Ó ní ara ògiri yẹn ló ti jó, akọ̀wé tó ni ín sì ní kí òun ra òmíràn. Ó ní tí ooru bá jẹ́ ti Bàbá Jíbrílù, ṣòkòtò di ti Bàbá Jíbrílù nìyẹn. Mo yára sọ pé ooru tó ń gbẹ aṣọ nìkan ni tèmi, èyí tó jó ṣòkòtò kì í ṣe tèmi. Bàbá Jimoh bi mí pé àmì wo ni mo fi dá wọn mọ̀. Mo ní ìwọ ni yóò sọ ọ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ló bá ti àgọ́ pa títí èsì rẹ yóò fi dé.

Ọwọ́ ilẹ̀kùn idẹ mẹ́rìnlá ti ilé tuntun Ìyá Louisa ní Olówógbowó wà nílẹ̀ láìyọ́, ó sì ti ní tí oṣù yìí bá parí, òun yóò ra ti òyìnbó. Àlímọ̀t náà kò rí aṣọ gbẹ mọ́. Láràárọ̀ ló ń fọwọ́ kan ògiri bí ẹni ń wo ara ọmọ tí ibà ń ṣe.

Owó kọ́ ni mo ń béèrè lọ́tẹ̀ yìí. A ti wọn ògiri náà, íǹṣì mẹ́sàn-án ni. Wo inú ìléru ìwé rẹ dáadáa: nínú íǹṣì mẹ́sàn-án yẹn, ibo gan-an ni ooru ti ń kúrò ní tèmi? Kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọ̀gá rẹ sì lu òǹtẹ̀. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o fi ayọ̀ parí ohun tó gbé ọ lọ, ojú kò ní tì mí lórí rẹ.

Bàbá Jimoh ní tí ooru náà bá lè kọjá íǹṣì mẹ́rin ààbọ̀, ìyẹn àárín ògiri, kó tó kúrò ní tèmi, èmi ni mo ni gbèsè ṣòkòtò.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mọ̀núrù.