Rárá Tí Kò Ní Ìbéèrè Lókè

Àbúrò mi,

Láti ìdájí ni mo ti ń fọ yàrá Bàbá. Ọwọ́ mi ṣì tutù bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àǹtí, àbúrò Bàbá, ti dé. Wọ́n jókòó sórí ibùsùn tó ṣófo, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi lọ láìrí mi. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n má wá?"

Mo wá ọ̀rọ̀ náà nínú gúrúùpù ẹbí lórí fóònù. Bọ̀dá ló kọ́kọ́ béèrè bóyá Bàbá ti jẹun. Àǹtí tẹ̀ lé e: "Ṣé kí n máa bọ̀ lónìí?" Ìwọ kọ "Rárá," kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ lò ń fèsì sí, abẹ́ ọ̀rọ̀ Àǹtí ló bọ́ sí. Ọjọ́ kejì ni Bàbá kú.

Mo sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó: ọ̀rọ̀ tí o bá ń dáhùn, fà á sókè èsì rẹ. Tó bá gùn, gé ibi tó kàn ọ́ nìkan. O ní, "Ẹ̀gbọ́n tíṣà, ilé ẹ̀kọ́ ti parí."

Mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n Àǹtí rò pé ńṣe la lé àwọn. Mi ò tíì là á yé wọn. Ẹnu rẹ ló yẹ kó ti jáde. Yàrá mi ni wọ́n sùn sí. Omi gbígbóná wà nínú fúláàsì.

Má kọ ọ́ sórí fóònù. Kúnlẹ̀, tún ìbéèrè wọn sọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí o wá fún un ní ìdáhùn tirẹ̀: "Ẹ máa bọ̀."

Mo ti tẹ́ ibùsùn Bàbá. Nígbà tí o bá fi máa ka èyí, mo ti lọ síbi iṣẹ́.