Táàpù Lára Ìkòkò Kérésì

Sátidé, ní àdúgbò Basin

Ẹ̀rọ ìpọntí ti wọ́n jù, ni mo bá dá ihò lu ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá tí Màmá fi ń se ìrẹsì Kérésì. Mo ki táàpù bọ̀ ọ́, mo fi asẹ́ bo ẹnu rẹ̀ nínú, kí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ máa dà kí àgbàdo sì dúró. N ò sọ fún un.

Omi ni mo fi ń dán an wò tí Màmá fi wọlé. Ó tẹjú mọ́ táàpù náà.

"Tí mo bá bọ ìrẹsì, omi rẹ̀ nìkan ló máa dà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ọlọ́run ṣeun! Ọdọọdún ni dída omi yẹn ń bó mi lọ́wọ́."

Ó gbé ìkòkò rẹ̀ lọ. Ó ní kí n ra tèmi ní ọjà Ipata.

Kò burú, ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́ náà. Kí ìrẹsì Kérésì rẹ̀ tó jinná, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mi á ti kan.