Ọkùnrin Tó Kúnlẹ̀ Nínú Àwòrán

Ọjọ́bọ̀, oṣù kọkànlá, ìrọ̀lẹ́.

Bísí ọmọ mi mú mi kúrò nílé wa ní Peckham, ní London níbí, lọ wo àwòrán àtijọ́ àwọn òyìnbó ní ilé àwòrán. Ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Ó ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ pé kí fọ́tò mi wà pẹ̀lú ti olóògbé ìyá rẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà ìrántí. Mo ní rárá, a kì í to alààyè pọ̀ mọ́ òkú.

Nínú àwòrán kan, ẹni mímọ́ ga bí òpó. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ ẹni mímọ́ náà, wọ́n kéré bí ọmọ ọwọ́. Àṣé ọkùnrin tiwọn náà ń kúnlẹ̀. Obìnrin tó ń ṣàlàyé àwòrán fún àwọn àlejò níbẹ̀ ní ọkùnrin náà ló ní kí wọ́n ya àwòrán náà, kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lè máa gbàdúrà fún wọn. Ìyàwó ti kú kí ayàwòrán tó bẹ̀rẹ̀.

“Ó ti kú kẹ̀?”

“Ó ti kú, Daddy. Ọkọ ẹ̀ ò sì sá fún un.”

“Ẹnu ẹ mú jù.”

Nígbà tá a délé, mo ní kó tẹ kàlẹ́ńdà náà, kí ìyá rẹ̀ tóbi, kí èmi kéré nísàlẹ̀.

“Ṣé ẹ máa kúnlẹ̀ náà ni?”

Mo ní orúnkún mi ò gbà mọ́. Kí wọ́n fi mí jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀.