Ẹni Tó Fún Bàbá Lógì Lówùúrọ̀ Iṣẹ́ Abẹ

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àbójútó àwọn ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kado ní Abuja níbí, mo kí Bọ̀dá mi àti ìyàwó wọn. Ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa. Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì ò fẹ́ fún mi láyè láti dúró ti Bàbá ní ọsibítù, mo dúró tì wọ́n náà.

Mo gbọ́ pé Alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí ti pè yín, pé mo dójú ti bàbá mi níwájú àjèjì. Ó ti sọ ọ́ kárí ìlú, èmi náà á kọ ọ́ síbi tí gbogbo ìlú á ti kà á.

Òkúta inú òróòro ni wọ́n fẹ́ yọ fún Bàbá. Dókítà tó máa ń fi oògùn mú aláìsàn sùn kí wọ́n tó là á ti kìlọ̀ fún wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé wọn ò gbọdọ̀ jẹun mọ́. Ó ní oorun yìí kì í ṣe irú èyí tí à ń sùn nílé. Ọ̀fun pàápàá máa ń sùn, bí oúnjẹ bá gòkè wá láti inú, ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ, aláìsàn ò sì ní lè wúkọ́ gba ara rẹ̀ là. Alága jókòó níbẹ̀, ó ń mi orí bí aláǹgbá.

Nígbà tí mo jáde lọ ra oògùn láàárọ̀, àgbàyà yìí gbé ògì gbígbóná àti àkàrà wọlé. Bí mo ṣe padà dé ni mo bá dókítà tó ń bi Bàbá bóyá wọ́n ti fi nǹkan kan ẹnu. Alága já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn, ó ní omi lásán ò kàn wọ́n lẹ́nu. Bàbá tẹjú mọ́lẹ̀. Èmi sì ń wo ògì tó ti gbẹ sí irùngbọ̀n wọn.

Mo sọ fún dókítà pé wọ́n ti jẹun. Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú. Alága ní òun ò lè máa ka oúnjẹ àgbà fún dókítà kékeré tí kì í ṣe ọmọ ìlú wa, àti pé ẹnìkan kì í rán ẹni tí ebi ń pa sínú ewu. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n o! Agbádá rẹ̀ ń gbá ilẹ̀, orí rẹ̀ ṣófo. Díẹ̀ ló kù kí n gbé òkú bàbá mi wálé nítorí àkàrà.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ò kí mi mọ́. Mi ò ní ará míì ní Abuja, ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Nígbà tí wọ́n dá ọjọ́ mìíràn, mi ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá títí wọ́n fi gbé wọn wọlé. Wọ́n sùn, wọ́n yọ òkúta náà. Nọ́ọ̀sì ń gbá wọn lẹ́rẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, ó ń kí wọn ní èdè Haúsá pé sànnu Baba, pé kí wọ́n lajú. Wọ́n lajú, wọ́n rí mi, wọ́n kọjú sí ògiri. Wọn ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ di òní.

Màámi, ojú tí wọ́n ń gbé kúrò lára mi yẹn, ṣebí ó ṣì là.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ fọwọ́ ara yín gba Bàbá padà. Ẹ óò pẹ́ fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti ẹni tó bá gbà pé Alága ló jàre.

Èmi ọmọ yín,
Àjíkẹ́